Ọkùnrin Náà Gbọ́dọ̀ Gun Òṣùwọ̀n

Ní Bọ́lọ́rundúró, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Oǹdó, bí tọkọtaya bá ṣègbéyàwó tí ọdún méjì kọjá tí wọn kò gbọ́ igbe ọmọ titun nílé, kò sí ẹni tí í bèèrè ta ni yóò kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyàwó ni. Òun ni yóò wọkọ̀ lọ sí Oǹdó tàbí Àkúrẹ́, òun ni wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, òun ni wọn yóò yẹ ilé ọmọ rẹ̀ wò, òun náà ni ìyá ọkọ yóò tún mú lọ sọ́dọ̀ wòlíì lórí òkè. Ọkọ á jókòó sílé. Bí ó bá ti sanra, tí ikùn rẹ̀ ti ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, wọn á máa kí i kú oríire pé owó ti ń dé, pé ìyàwó ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa.

Ikùn yẹn gan-an lè wà lára ohun tí kò jẹ́ kí oyún dúró.

Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìròyìn kan jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2023 pé nínú ènìyàn mẹ́fà tó wà lọ́jọ́ orí ìbímọ, ẹnì kan yóò bá ìṣòro àìrọ́mọbí pàdé nígbà kan láyé rẹ̀. Nínú bí ìdajì àwọn tọkọtaya tí ọ̀rọ̀ náà kàn, ọwọ́ ọkùnrin wà níbẹ̀: nígbà mìíràn òun nìkan, nígbà mìíràn òun pẹ̀lú ìyàwó. Ohun tó ń ba àtọ̀ jẹ́ sì pọ̀. Àtọ̀sí tí wọn kò tọ́jú wà níbẹ̀, kóró ẹpọ̀n tí kò sọ̀ kalẹ̀ láti kékeré wà níbẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú nínú àpò ẹpọ̀n, sìgá àti ọtí líle náà wà níbẹ̀. Ìwọ̀n ara kò lè dá ru ẹ̀bi gbogbo èyí. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó sanra ló ń bímọ láìwá ẹnikẹ́ni lọ. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ yìí, òun ni ojú lásán ń rí, òun ni wọ́n ń wọ̀n láìná owó, ọkùnrin sì lè fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe láìdùbúlẹ̀ fún ọ̀bẹ. Ìyàlẹ́nu ló wá jẹ́ pé òun ni ẹnikẹ́ni kì í bèèrè.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Dókítà yóò wo gígùn ènìyàn ní mítà, yóò fi gígùn náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, yóò wá fi èyí tó bá jáde pín ìwọ̀n rẹ̀ ní kílò. BMI ni wọ́n ń pe èsì rẹ̀. Bí ó bá wà láàrin 18.5 sí 25, ara ṣì wà ní ipò tó yẹ. Láti 25 lọ sókè, ara ti tóbi jù. Tó bá di 30, ó ti di sísanra jọ̀kọ̀tọ̀ tí ó ń fẹ́ ìtọ́jú. Ọkùnrin tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 1.70 ti kọjá ààlà àkọ́kọ́ tó bá ti lé ní kílò 72, ó sì ti kọjá èkejì tó bá pé kílò 87. Wọ́n tún ń fi tépù wọn àyíká ikùn: bí ti ọkùnrin bá ti lé ní sẹ̀ǹtímítà 94, tí í ṣe íǹṣì 37, ewu ti ń sún mọ́lé. Télọ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ mọ̀, kí nọ́ọ̀sì tó mọ̀. Ṣòkòtò tó rán ní íǹṣì 33 lọ́dún ìgbéyàwó ti di 40, ọkùnrin náà sì ń bínú sí ẹni tó fọ aṣọ pé ó jẹ́ kó súnkì.

Irú wọn kò sì kéré nílẹ̀ yìí. Àwọn onímọ̀ kan tó kó ìwádìí oríṣiríṣi jọ ní 2021 ṣírò rẹ̀ pé lọ́dún 2020, bíi mílíọ̀nù 21 ọmọ Nàìjíríà tó ti pé ọdún 15 ni ara wọn tóbi jù, tí àwọn bíi mílíọ̀nù 12 sì ti sanra jọ̀kọ̀tọ̀. Èló nínú wọn ló jẹ́ ọkùnrin Ìpínlẹ̀ Oǹdó? Ibi tó yẹ kí ìdáhùn ti wá ni ìwádìí ńlá tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe lórí ìlera àwọn ará ìlú, èyí tí wọ́n ń pè ní NDHS. Nígbà tí wọ́n ṣe ti 2018, wọ́n gbé òṣùwọ̀n wọ ilé kiri. Wọ́n wọn àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, wọ́n wọn àwọn obìnrin láti ọdún 15 sí 49, wọ́n sì rí i pé 28 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn obìnrin náà ló sanra jù. Àwọn ọkùnrin, ìbéèrè ẹnu ni wọ́n bi wọ́n. Wọn kò ní kí ẹnì kankan nínú wọn gun òṣùwọ̀n. Bí ìjọba ṣe ṣe é níbẹ̀ náà ni ẹbí ń ṣe é nílé.

Kí àgbẹ̀ kòkó má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń jókòó sí ọ́fíìsì l'Álágbàká ní Àkúrẹ́ lèyí. Àgbẹ̀ ni àwọn tí wọ́n wádìí lára wọn ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Iowa àti North Carolina, nínú iṣẹ́ ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2006. Wọ́n bi wọ́n léèrè bóyá ó ti ṣẹlẹ̀ sí wọn rí pé kí ọdún kan kọjá tí wọ́n ń wá oyún tí kò dé. Wọ́n yọ ọjọ́ orí àti ìwọ̀n ìyàwó kúrò nínú ìṣirò, kí ó má baà jẹ́ pé wọ́n ń fi ẹ̀ṣẹ̀ obìnrin ka ọkọ lọ́rùn. Ohun tó kù ni pé bí BMI ọkọ bá fi mẹ́ta lé, ewu àìrọ́mọbí a fi bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lé. Àwọn ọ̀dọ́ àti àgbà inú wọn rí bákan náà, èyí tó fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ju pé nǹkan ọmọkùnrin kò le mọ́ lọ. Ìṣòro lè ti wà nínú àtọ̀ fúnra rẹ̀.

Nínú àtọ̀ ni àwọn onímọ̀ tí Nathalie Sermondade ṣáájú wọn ní ilẹ̀ Faransé wá lọ wò. Ìwádìí 21 ni wọ́n pa pọ̀ lọ́dún 2013, tí àròpọ̀ àwọn ọkùnrin inú rẹ̀ jẹ́ 13,077. Wọ́n fi àwọn tí ìwọ̀n wọn dọ́gba ṣe òdiwọ̀n, wọ́n sì wo ewu pé kí sípáàmù inú àtọ̀, ìyẹn àwọn ohun abẹ̀mí tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń sáré lọ bá ẹyin obìnrin, kéré jù tàbí kí ó má tilẹ̀ sí rárá. Fún ẹni tó kàn tóbi jù, ewu náà fi ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún lé. Fún ẹni tó sanra jọ̀kọ̀tọ̀, ó fi 28 lé. Fún ẹni tí BMI rẹ̀ ti kọjá 40, ó di ìlọ́po méjì. Ọkùnrin oní-mítà 1.70 tí à ń wí yẹn, kílò 116 ni yóò wọ̀n kí ó tó dé ibẹ̀. Irú wọn kò ṣọ̀wọ́n lórí àga iwájú níbi ayẹyẹ òkú ní ìlú Oǹdó.

Iye tí wọ́n ń retí kò tilẹ̀ pọ̀ jù. Ìwé ìtọ́ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti 2021 sọ pé ó kéré tán, kí mílílítà àtọ̀ kan ní sípáàmù mílíọ̀nù 16, kí gbogbo èyí tí ọkùnrin dà lẹ́ẹ̀kan sì jẹ́ mílíọ̀nù 39. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ ṣì lè bímọ, àmọ́ ó lè pẹ́ kó tó rí i.

Ọ̀nà wo ni ọ̀rá ikùn wá ń gbà dé ibi àtọ̀? Ó lé ní ọ̀kan. Kóró ẹpọ̀n ló ń ṣe testosterone, họ́mọ̀nù tó ń mú ohùn ọkùnrin ki, tó ń mú irùngbọ̀n hù, tó sì ń bá àtọ̀ pọn. Nínú ọ̀rá ni èròjà kan wà tí ń jẹ́ aromatase, tó ń yí testosterone yìí padà sí estrogen, họ́mọ̀nù tó pọ̀ lára obìnrin. Bí ọ̀rá bá ṣe pọ̀ tó ni ìyípadà náà ṣe ń pọ̀ tó. Ọpọlọ a wá kíyè sí estrogen tó kún inú ẹ̀jẹ̀, a gbà pé họ́mọ̀nù ti tó, a sì dín àṣẹ tó ń pa fún kóró ẹpọ̀n kù. Iṣẹ́ a fà sẹ́yìn níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ọmú àwọn ọkùnrin mìíràn tó sanra gidi fi ń yọ.

Ooru náà ń bẹ. Ẹlẹ́dàá kò fi kóró ẹpọ̀n sí inú ikùn bíi ti ẹyin obìnrin. Ìta ló fi í sí, kí ó lè tutù ju ara yòókù lọ ní bí ìwọ̀n digíríì méjì sí mẹ́rin. Bí itan bá ki, tí ikùn bá wó lé e, afẹ́fẹ́ kò ráàyè débẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ti kó kòkó tútù sínú agbọ̀n rí, tó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, mọ bí ohun tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ ṣe ń gbóná láìsí iná. Kòkó ń fẹ́ ooru yẹn. Àtọ̀ kò fẹ́ ẹ. Awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó jókòó lé àga gbígbóná pẹ̀lú kílò 95 lára, ẹrù méjì ló dì lé kóró ẹpọ̀n rẹ̀.

Ìyókù, àwọn àìsàn tí gbogbo ayé mọ̀ ni. Sísanra ń pe ìtọ̀ ṣúgà wá, ó ń pe ẹ̀jẹ̀ ríru wá, àwọn méjèèjì sì ń ba iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí nǹkan ọmọkùnrin jẹ́ títí ọkùnrin yóò fi di akúra láìtíì pé 50. Ẹni tó ń hanrun lóru bí ẹ̀rọ ìlọta, tí èémí rẹ̀ ń dá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kó tó tún mí, kì í sùn dáadáa, ojú oorun sì ni ara ti ń ṣe púpọ̀ nínú testosterone tí yóò lò.

Àwọn bàbá ti sọ ohun tó jọ èyí tipẹ́. Wọ́n ní adídùn ń fa jẹ̀díjẹ̀dí, pé jẹ̀díjẹ̀dí sì ń pa agbára ọkùnrin. Àlàyé wọn àti ti ilé ìwòsàn kò lọ lójú kan náà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin, ṣúgà àjẹjù, náà ni dókítà ń kà léèwọ̀ lónìí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé àwọn ọmọ gbàgbé ìkìlọ̀, wọ́n di àgúnmu mú. Ọkùnrin yóò mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì lọ́sàn-án, bíà mẹ́ta lálẹ́, yóò wá ra àgbo jẹ̀dí ní gáréèjì láàárọ̀ láti fi wẹ gbogbo rẹ̀ nù. Àgbo kankan kò sí nínú ike yẹn tó ń yọ ọ̀rá ikùn. Èyí tí wọ́n sì fi ọtí líle pò, tí wọ́n ń pè ní paraga, ń fi kún ìjàǹbá tó ti wà nílẹ̀ ni. Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò sì yẹ kó tètè gbàgbé oṣù kẹrin ọdún 2015 ní Òde-Ìrèlè, nígbà tí ojú ń fọ́, tí àwọn ènìyàn ń kú láìpé ọjọ́ méjì, títí àyẹ̀wò fi fi hàn pé methanol, irú ọtí olóró kan, ló wà nínú ògógóró tí wọ́n mu.

Ẹni tó rù náà ní tirẹ̀. Nínú àkójọ ti 2013 yẹn, àmì díẹ̀ wà pé àtọ̀ àwọn tí BMI wọn kò tó 18.5 lè kéré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rí tiwọn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó ti àwọn tó sanra. Èyí tó yẹ kó kó ìdààmú báni ni ohun tí àwọn ọkùnrin tín-ín-rín ń ṣe láti sanra. Àwọn kan ń ra oògùn dexamethasone àti cyproheptadine ní kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn lè yọ. Àwọn tó ń lọ sí jíìmù ń gba abẹ́rẹ́ testosterone kí apá wọn lè ki. Ọkùnrin á rò pé ohun tó ń mú òun di ọkùnrin ni òun ń fà sára. Òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀: abẹ́rẹ́ náà ń sọ fún ọpọlọ pé kí kóró ẹpọ̀n sinmi. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń wá ọ̀nà ìfètò-sọ́mọ-bíbí fún ọkùnrin, abẹ́rẹ́ testosterone yìí kan náà ni wọ́n ń gún fún ọkùnrin 271 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èsì rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1990 ni pé sípáàmù tán pátápátá nínú àtọ̀ ohun tó ju ìdajì wọn lọ láàrin oṣù díẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ lò láti dá ọmọ bíbí dúró, òun ni ọmọkùnrin tó ń múra ìgbéyàwó ń fi owó ara rẹ̀ rà ní Àkúrẹ́.

Ìròyìn ayọ̀ ibẹ̀ ni pé àtọ̀ kì í pẹ́ láyé. Ara ń ṣe titun lójoojúmọ́, èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ lónìí yóò gbó láàrin oṣù méjì àbọ̀ sí mẹ́ta. Àtọ̀ oṣù tó ń bọ̀ kò tíì mọ ohun tí ọkùnrin jẹ lọ́dún tó kọjá. Àwọn onímọ̀ ní Copenhagen, lórílẹ̀-èdè Denmark, gbé èyí yẹ̀wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2022. Ọkùnrin 56 tó sanra jọ̀kọ̀tọ̀ ni wọ́n fi sí abẹ́ oúnjẹ díẹ̀, kálórì 800 lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Bí kílò 16 àti àbọ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sọ̀. Iye sípáàmù inú àtọ̀ wọn fi bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lé. Wọ́n tún tẹ̀ lé wọn fún ọdún kan: àwọn tí kò jẹ́ kí ara padà sípò tẹ́lẹ̀, àtọ̀ wọn dúró síbi tó gòkè dé, àwọn tí kílò wọn padà wá, àtọ̀ wọn padà sẹ́yìn.

Irú ààwẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bẹ́ẹ̀, lábẹ́ ojú dókítà ni wọ́n ti ń gbà á, kí ẹnikẹ́ni má lọ fi ebi pa ara rẹ̀ ní Bọ́lọ́rundúró. Ohun tó wà níkàáwọ́ ọkùnrin ibẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀. Kí òkèlè iyán alẹ́ dín kù, kí ewébẹ̀, ẹ̀wà àti ẹja pọ̀ sí i nínú abọ́. Kí bíà àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò kúrò ní ohun ojoojúmọ́. Kí ó sì padà máa fẹsẹ̀ rìn. Ní 2024 tí kòkó di góòlù, tí tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, ọ̀pọ̀ olóko ló ra ọ̀kadà tuntun, tí wọ́n sì gba alágbàṣe tó ń bá wọn ṣán oko. Kò sí ẹni tó lè bá wọn wí fún ìyẹn. Wọ́n ti jìyà kòkó tó. Ṣùgbọ́n ìrìn àárọ̀ lọ sóko àti àdá jíjù ló ń jó ọ̀rá wọn nígbà kan, wọn kò sì tíì fi ohun mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé bó bá burú tán, IVF wà, ìyẹn kí wọ́n so ẹyin obìnrin àti àtọ̀ pọ̀ nínú yàrá àyẹ̀wò. Ó wà lóòótọ́, ilẹ̀ yìí sì ní ipa tirẹ̀ nínú ìtàn rẹ̀: lọ́dún 1989, iṣẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Oladapo Ashiru ní ilé ìwòsàn LUTH, Èkó, so èso ọmọ tí wọ́n lóyún rẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ owó IVF ń ta ilẹ̀ oko, ìwọ̀n ara sì ń tẹ̀ lé ọkùnrin débẹ̀ pẹ̀lú. Àkójọ ìwádìí 30 tó jáde ní 2015, tí ènìyàn inú rẹ̀ lé ní 115,000, rí i pé bí ọkọ bá sanra jọ̀kọ̀tọ̀, àǹfààní pé irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ yóò já sí ọmọ ààyè ń fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù. Ẹni tí yóò ta ilẹ̀ nítorí ọmọ, ó yẹ kó kọ́kọ́ ta ikùn.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó kì í ṣe aláìmọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ ìbímọ. Gómìnà tẹ́lẹ̀ rí, Olúṣẹ́gun Mímikò, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà àti ọmọ ìlú Oǹdó, bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní 2009, ó sì ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ sí Àkúrẹ́ ní 2010, níbi tí àwọn aláboyún ti ń bímọ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà náà. Ìjọba rẹ̀ náà ló dá Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn, UNIMED, sílẹ̀ ní Oǹdó. Abíyè gba ẹ̀mí àwọn ìyá là, ìyìn rẹ̀ kò sì tíì tó. Àmọ́ inú ètò tó fi ìyá àti ọmọ sọ orúkọ, ibo ni bàbá jókòó sí? Ẹni tó ti lóyún ni Abíyè dúró dè. Ẹni tó ń wá oyún, tí ìṣòro rẹ̀ sì wà lára ọkọ, kò rí ẹnu ọ̀nà tí yóò gbà wọlé.

Ojúṣe tó kù kò béèrè ilé ńlá tuntun. UNIMED ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó lè gbé òṣùwọ̀n àti tépù lọ sí ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sáláṣí àti ìpàdé àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Ìlà-Oòrùn Oǹdó, kí ìlú lè mọ iye ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gan-an. NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, àti àwọn tó ń ṣàkóso kẹ́míìsì ní láti dá títa abẹ́rẹ́ testosterone àti dexamethasone láìsí ìwé dókítà dúró. Àwọn ìyá ọkọ náà, kí wọ́n fi wòlíì sílẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n mú ọmọ wọn lọ ṣe àyẹ̀wò àtọ̀. Àyẹ̀wò yìí kò ní abẹ́rẹ́, kò dun ara, owó rẹ̀ sì kéré sí ti gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe sí ara ìyàwó.

Ọwọ́ Ilé Iṣẹ́ Ètò Ìlera ní Àkúrẹ́ ni èyí tó kù wà. Kí kọmíṣọ́nnà pàṣẹ fún gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Bọ́lọ́rundúró, pé obìnrin tó bá wá nítorí pé kò rí oyún, kí wọ́n má ṣe kọ àyẹ̀wò kankan fún un títí ọkọ rẹ̀ yóò fi wá, tí wọn yóò sì kọ kílò rẹ̀, gígùn rẹ̀ àti íǹṣì ikùn rẹ̀ sínú káàdì kan náà.